Ọ̀gá, Ẹ Ṣírò Owó Kásúà Pé!

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń gba ènìyàn síṣẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé búrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ń rọ omi sínú ọ̀rá tà, ẹ̀yin onítẹ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé fún ni, ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ òde. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́ tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ẹ ó sáré gba ènìyàn mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ó ní kásúà ni wọ́n, oṣù méjì mẹ́ta ni wọn ó lò, wọn ó sì máa lọ. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ kò tó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó á wá ọwọ́ kún ọwọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti ń dùn mí ni ìṣirò tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó gbà wọ́n.

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń kọ ìròyìn nípa òwò àti iṣẹ́ ní Èkó àti Ìbàdàn, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ọ̀gá nígbà tí wọ́n ń ṣírò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Wọn á kọ fúláwà sílẹ̀: àpò kan èló, àpò mélòó lọ́sẹ̀. Wọn á kọ ṣúgà àti bọ́tà, wọn á kọ dísù jẹnẹrétọ̀, wọn á kọ ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé búrẹ́dì. Wọn á kọ owó mẹkáníìkì nítorí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ tí ń gbé ọjà lè dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà. Kódà owó tí wọn ó fi dá àwọn tó ń dúró sójú ọ̀nà lóhùn, wọn á wá ibì kan kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ọmọ ènìyàn, ìlà kan ṣoṣo ni: "Kásúà mẹ́wàá, iye báyìí lóṣù." Wọn á fa ìlà sí ìdí rẹ̀, wọn á ní ó parí.

Kò parí o. Owó tí ẹ ń kà lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kọ́ ni gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń ná yín. Òfin ilẹ̀ wa ti gbé ẹrù díẹ̀ lé owó yẹn lórí, ẹ̀yin ọ̀gá ló sì ní kí ẹ rù ú, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Bí ẹ kò bá ṣírò ẹrù náà mọ́ ọn kí ẹ tó gba ènìyàn, ọ̀kan nínú méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ kan gbèsè rẹ̀ yóò ká yín mọ́lé lójijì. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ kò ní san án rárá, òṣìṣẹ́ ni yóò wá jẹ ìyà rẹ̀. Èkejì yìí ló wọ́pọ̀ jù láàárín wa. Wọ́n ń pè é ní ọgbọ́n òwò. Èmi kò ní fi èdè dídùn bò ó: olè jíjà ni.

Ta ni ó ń jẹ́ kásúà?

Ẹ gbọ́ ná. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa, bí ẹnikẹ́ni bá ti ń jẹ́ kásúà, ó di ẹni tí kò ní orúkọ nínú ìwé. Kò ní lẹ́tà. Kò ní káàdì. Bó bá ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Bó bá fara pa, Ọlọ́run ni kó gbà á. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí lemọ́lemọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú òfin. Ẹ bi í pé, "Ṣé wọ́n ń san péńṣàn fún ọ?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bọ̀dá, kásúà mà ni mí."

Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun nípa owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí òfin náà ń sọ ẹni tí ó ń jẹ́ òṣìṣẹ́, kò fi ẹnìkan sílẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà títí, ẹni tó ń ṣe àbọ̀ ọjọ́, ẹni onígbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, àti kásúà. Ó ní ìbáà jẹ́ ìwé ni ẹ fi gbà á, ìbáà jẹ́ ẹnu lásán, òṣìṣẹ́ yín ni. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń lé e jáde kúrò nínú ìwé, orúkọ yẹn gan-an ni òfin fi mú un wọlé.

Òfin àjọ ITF, èyí tó ń rí sí kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́, náà kò yọ ọ́ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tó bá ti lo 30 ọjọ́ ti wà nínú àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ kà. Òfin péńṣàn ti ọdún 2014 ńkọ́? Ó dárúkọ àwọn tí kò kàn: àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, àwọn ọmọ ogun, àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Kásúà ilé búrẹ́dì kò sí níbẹ̀. Àbí kásúà yín ti di sójà ni?

Owó tí ó wà lẹ́yìn owó oṣù

Ẹ jẹ́ kí n to àwọn owó náà lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹnìkan má baà sọ pé òun kò gbọ́ rí.

Ti àkọ́kọ́ ni owó àjọ NSITF. Nínú gbogbo owó oṣù tí ẹ bá san, nínú náírà 100, náírà 1 ni ẹ ó san fún àjọ yìí lóṣooṣù. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ ní o, ẹgbẹ̀rún ni ẹ ní o, ó kàn yín. Owó yìí ni wọn ó fi tọ́jú òṣìṣẹ́ bí ẹ̀rọ bá gé e lọ́wọ́, tàbí bí ó bá já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Òfin sì kìlọ̀ pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ yọ owó náà nínú owó òṣìṣẹ́, ìbáà ṣe ní gbangba, ìbáà ṣe ní kọ̀rọ̀.

Èkejì ni péńṣàn. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú náírà 100 owó oṣù, náírà 10 ni ọ̀gá yóò dá, òṣìṣẹ́ yóò dá náírà 8. Kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ méje lọ lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó oṣù tí owó méjèèjì yóò fi dé inú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ náà. Bí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ san, kí òun má yọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kò gbọdọ̀ dín ní náírà 20 nínú 100. Òfin yìí kan náà ló ní kí ẹ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó ITF. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n sì tún òfin rẹ̀ ṣe ní ọdún 2011. Bí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú náírà 100 gbogbo owó oṣù ọdún kan, náírà 1 ni. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní òṣìṣẹ́ márùn-ún náà yóò san, bí ọjà tó ń tà lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 50 náírà. Bí ẹ bá sì rán òṣìṣẹ́ yín lọ kọ́ṣẹ́ sí i, tí ẹ tẹ̀lé ìlànà wọn, ẹ lè gbà tó ìdajì owó yìí padà.

Owó orí wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Owó orí tí ẹ ń yọ nínú owó oṣù kì í ṣe owó yín rárá. Owó òṣìṣẹ́ ni, ìránṣẹ́ lásán ni ẹ jẹ́ níbẹ̀. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń ṣírò owó orí lé lọ́dún kò ní owó orí kankan lórí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ kásúà kò jẹ owó orí. Bí ọ̀gá yín bá wá ń yọ owó lọ́wọ́ yín lóṣooṣù, tí ó ní owó orí ni, ẹ bi í kó fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Mo mọ̀ pé kì í rọrùn láti bi ọ̀gá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà bi í.

Ẹ mú ìwé àti bírò

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ọ̀gá oníbúrẹ́dì kan ní òṣìṣẹ́ 12 tó ti wà pẹ̀lú rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá dé oṣù kejìlá, ó fẹ́ gba 10 sí i, ó sì fẹ́ san 80,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ di 22, gbogbo òfin tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí ló sì kàn án.

Owó oṣù àwọn mẹ́wàá jẹ́ 800,000 náírà. Fún oṣù mẹ́ta, ó di 2,400,000. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá wa ti ń fa ìlà. Ẹ má tíì fà á. Péńṣàn tí ọ̀gá yóò dá, náírà 10 nínú 100, jẹ́ 240,000. Ti NSITF jẹ́ 24,000. Ti ITF jẹ́ 24,000. Àpapọ̀ rẹ̀, 288,000 náírà. Iye tí àwọn kásúà mẹ́wàá náà yóò ná an gan-an jẹ́ 2,688,000, láìtíì ka owó adójútòfò, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ẹ fi sọ́kàn báyìí: lórí náírà 100 tí ẹ bá ṣèlérí fún kásúà, ẹ wá náírà 12 sí i kí ẹ tó pè é.

Mo ti gbọ́ ariwo tí ẹ ń pa. Ẹ ní 288,000 pọ̀. Ó dáa. Ká ní ilé búrẹ́dì yẹn ń yan 1,000 búrẹ́dì lójúmọ́ fún 90 ọjọ́. Ó di 90,000 búrẹ́dì. Ẹ pín 288,000 sí 90,000 ọ̀nà. Náírà 3 àti 20 kọ́bọ̀ ni lórí búrẹ́dì kan! Nígbà tí fúláwà wọ́n, ṣebí náírà 100, náírà 200 ni ẹ gùn lórí búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan náà, a sì ń rà á. Fúláwà lè mú yín gbówó lórí ọjà, ọmọ ènìyàn kò lè mú yín fi náírà 3 kún un?

Ẹ̀tàn oṣù mẹ́ta

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan wà tó ti gbilẹ̀ láti Ìkejà dé Ọ̀tà, láti Olúyọ̀lé dé Ìkòròdú. Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1974, tí a ṣì ń lò, sọ pé kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ tí ọ̀gá yóò fi kọ àdéhùn iṣẹ́ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́. Àwọn kan wá ka òfin náà bí ẹni tó ń wá ihò lára ògiri. Bí oṣù mẹ́ta bá ti fẹ́ pé, wọn á ní kí kásúà lọ sílé sinmi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọn á tún pè é padà, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù láti oókan. Mo mọ ọkùnrin kan tó ti ń ṣe irú kásúà yìí fún ọdún mọ́kànlá ní ẹnu ọ̀nà kan náà. Ọdún mọ́kànlá! Ọmọ tó bí ní ọdún tó wọlé ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré, bàbá rẹ̀ ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀.

Èkejì ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ náà ni ti agbáṣẹ́ṣe. Ọ̀gá á ní, "Èmi kọ́ ni mo gbà wọ́n, agbáṣẹ́ṣe ló kó wọn wá." Kò burú. Ẹ jẹ́ ká mú ìwé wa padà. Kásúà mẹ́wàá ní 80,000 jẹ́ 800,000 lóṣù. Fi náírà 12 lórí 100 kún un, ó di 896,000. Agbáṣẹ́ṣe kò tíì jẹ èrè tirẹ̀ o. Bí ó bá wá sọ fún yín pé 850,000 ni gbogbo rẹ̀, tèrè tèrè, ṣé ẹ kò mọ̀ pé owó ẹnìkan ti sọnù nínú rẹ̀ ni? Ẹ mọ̀. Ẹ kàn díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Ẹni tó ra ẹrù olè ní ẹ̀dínwó kò lè sọ pé òun kọ́ ni òun fọ́ ilé.

Àwáwí mẹ́ta

Nígbàkúùgbà tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀, àwáwí mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́.

Ọ̀kan ní: "Ìjọba yóò jẹ owó náà ni. Kí ni mo fẹ́ máa kó owó fún wọn jẹ fún?" N kò ní purọ́ gbèjà ìjọba. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ bí àwọn arúgbó òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe jìyà kí wọ́n tó rí péńṣàn wọn gbà. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Péńṣàn ayé ìsinsìnyí, láti ìgbà tí òfin ọdún 2004 ti dé, inú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń lọ, òun ló sì ń yan ilé-iṣẹ́ tí yóò máa bá a tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe àpò ìjọba. Bí òṣìṣẹ́ bá kúrò lọ́dọ̀ yín, yóò mú àkáǹtì náà dání lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹni tí kò san án nítorí pé ìjọba lè jẹ ẹ́, ta ló wá jẹ ẹ́ báyìí? Ṣebí òun náà ni.

Èkejì ní: "Àwọn kásúà gan-an kò fẹ́. Owó ọwọ́ ni wọ́n fẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ebi ń pa á ní owó ọwọ́ lòun fẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló là á yé e rí? Òṣìṣẹ́ tó ń gba 80,000, tí wọ́n yọ 6,400 lọ́wọ́ rẹ̀ fún péńṣàn, yóò bínú bí ẹnìkan kò bá sọ fún un pé ọ̀gá fi 8,000 tirẹ̀ kún un, pé 14,400 ló wọ àkáǹtì òun lóṣù yẹn. Ẹ sọ fún un lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó. Ẹ sọ iye tí yóò mú lọ sílé, ẹ sọ iye tó ń lọ sí àkáǹtì. Àgbàlagbà ni, ó mọ ìṣirò. Bẹ́ẹ̀, owó NSITF kò kan ọwọ́ rẹ̀ rárá. Kí ni ẹ ó fi ṣe àwáwí tìyẹn?

Lórí NSITF yìí, mo ní ohun tí mo rí. Ní ọdún 2019, ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlélógún, ń ṣe kásúà ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gé ọ̀rá. Ẹ̀rọ gba ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà san owó ọsibítù ọjọ́ méjì, wọ́n fún un ní owó ọkọ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ lọ síbẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó nídìí tábìlì ṣí ìwé níwájú wa, ó ní òun kò rí orúkọ ọmọ náà, kásúà ni. Owó tí ọmọ náà ń gbà lóṣù jẹ́ 30,000 náírà. Náírà 1 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 300. Náírà 300 lóṣù ni ọ̀gá náà ń fi pamọ́ lórí ọmọ yẹn. Kò tó owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì mẹ́ta. Nítorí 300 náírà, bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní láti fi tọ́jú rẹ̀.

Bí ọmọ náà bá wà nínú ìwé, ọ̀nà wà. Òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ á fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, ọ̀gá á fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ méje, wọn á ṣírò ohun tó tọ́ sí i. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ohun tí òfin kọ fún wọn ni náírà 90 nínú 100 owó tó ń gbà lóṣù, lóṣooṣù. Ẹ ronú sí i. Ẹbí tó yẹ kó máa gba owó lóṣooṣù ni ẹ wá ń fún ní àpò ìrẹsì kan, tí ẹ tún ń ya fọ́tò.

Àwáwí ẹ̀kẹta ni mo bọ̀wọ̀ fún díẹ̀: "Òwò mi kéré, n kò lè gbé e." Òótọ́ ni, òwò le. Dísù wọ́n, owó ilé ń gbéra, àwọn agbowó oríṣiríṣi ń wá ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn kò ní rìsíìtì tòótọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, òfin ti wo ojú ẹni kékeré. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 15, péńṣàn kò di dandan fún un. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó márùn-ún, tí ọjà rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 50 lọ́dún, ITF kò kàn án. Ti NSITF nìkan ló kù, náírà 1 nínú 100. Ẹni tí kò bá lè fi náírà 1 kún 100, kì í ṣe òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ló yẹ kó máa wá. Ẹni tí kò lè gbé eèrà, kí ló ń kùsà sí erin fún? Kó gba mẹ́jọ, kó san tiwọn pé.

Àwọn tó sì máa ń pariwo pé òwò kéré jù kì í ṣe àwọn ẹni kékeré. Àwọn ọ̀gá ńlá ni. Àwọn wọ̀nyí mọ ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn àjọ yìí dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń wá iṣẹ́ ìjọba, nítorí láti ọdún 2007 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ ìjọba fi hàn pé òun ti san owó péńṣàn, owó orí àti irú owó bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọn á sáré san owó fún orúkọ mẹ́fà, wọn á gba ìwé ẹ̀rí. Àádọ́rin ènìyàn wà nínú ọgbà tí orúkọ wọn kò sí níbì kankan.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti gbọ́. Ẹ̀yin àjọ wọ̀nyí, ẹ jáde kúrò ní ọ́fíìsì. Ẹ wá sí Mushin, ẹ wá sí Bódìjà, ẹ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé fún ìyá tó ní ilé búrẹ́dì. Lẹ́tà tí ó kún fún gẹ̀ẹ́sì àti ìhalẹ̀ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Bí òṣìṣẹ́ bá sì wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ẹ má sọ fún un pé kó máa lọ kó máa bọ̀. Gbogbo ọ̀gá tó ń wá àwáwí, ẹ̀yìn yín ló ń sá pamọ́ sí.

Ohun tí mo ń wí kò ju èyí lọ. Kí ẹ tó gba kásúà kan ṣoṣo ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ kọ ìlà mẹ́rin dípò ìlà kan: owó oṣù, péńṣàn, NSITF, ITF. Ẹ fi adójútòfò ṣe ìlà karùn-ún. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú iye tí ẹ ó ta ọjà yín, tàbí iye tí ẹ ó sọ fún oníbàárà tó gbé iṣẹ́ wá, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Bí ẹ bá ti ń gba owó ọjà, ẹ máa yọ ti òṣìṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má baà di pé oṣù parí, owó ti bá dísù lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé gbèsè yìí ń bímọ: péńṣàn tí ẹ kò bá san, ìtanràn rẹ̀ kò dín ní náírà 2 nínú 100 lóṣù kọ̀ọ̀kan, ti ITF jẹ́ náírà 5 nínú 100 lóṣù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ la ẹnu. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà yín, ẹ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ṣé orúkọ mi ti wọ NSITF?" Bí márùn-ún bá jọ béèrè, kò ní dà bí àfojúdi ẹnìkan.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ọ̀gá tó bá jẹ owó kásúà mọ́ owó tirẹ̀ lónìí, tí ó ń pè é ní èrè, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kó yé pè é ní ọgbọ́n òwò létí mi. Ẹni tí kò lè san iye tí ènìyàn tó, kò tíì tó ẹni tí ń gba ènìyàn síṣẹ́.